Ilẹ̀kùn Kékeré Inú Àwòrán Màmá Lovina

Ìyáàfin Thayer, alága wa, ẹ kú ìjókòó. Pásítọ̀, mo kí yín. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní pẹ́ bíi tiyín. Màmá Lovina Peck, ayàwòrán wa, tí wọ́n gbé àga tó dáa jù nínú gbọ̀ngàn yìí fún, mo ṣí fìlà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ la yìnyín wá, ẹ̀yin tí ẹ wá nítorí mi, àti ẹ̀yin tí ẹ wá nítorí páì, mo rí gbogbo yín. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìbínú ni mo fi ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí. Láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń tọ́jú ilé èrò àtijọ́ yìí, níbi tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin máa ń dúró láyé àwọn baba ńlá wa, kí àwọn tó ń lọ sí Boston lè jẹun, kí ẹṣin lè sinmi. Mo gbálẹ̀ rẹ̀, mo dáná rẹ̀, mo lé àdán jáde ní yàrá òkè. Mo purọ́ fún àwọn àlejò pé iwin ń gbé nínú yàrá ẹ̀yìn, torí ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í pẹ́ dìde láàárọ̀. Ẹ dárí jì mí. Ìyáàfin Thayer kò fi ọbẹ̀ gbígbóná dù mí rí nígbà òtútù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń bú iyọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn dùn mọ́ mi. Kì í ṣe ilé èrò ló pa mí, kẹ̀kẹ́ ẹṣin àtijọ́ kan tó ṣẹ́kù síbẹ̀ ni.

Ẹ wo àwòrán tó wà lára ògiri yẹn. Ta ni kò ní in nílé nínú wa? Màmá Lovina ló yà á, tí wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìlú pé ká máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Ilé èrò pupa, yìnyín funfun, kẹ̀kẹ́ àti àwọn ẹṣin rẹ̀, ilé kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn, ajá lẹ́nu ọ̀nà. Ajá yẹn tó ọmọ màlúù. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí Màmá bá ṣe fẹ́ràn nǹkan tó ló ṣe ń tóbi tó lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ràn ajá. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ka ilé kẹ̀kẹ́ sí.

Nígbà tí yìnyín wó ilé kẹ̀kẹ́ àtijọ́, a pe Hollis Batchelder, káfíńtà tí kò lẹ́gbẹ́ ní gbogbo àfonífojì yìí. A ò ní fọ́tò. Kí la ṣe? A gbé àwòrán lé e lọ́wọ́, a ní, "Hollis, bó ṣe wà níbí ni kó o kọ́ ọ." Hollis ò bi wá ní nǹkan kan. Ẹ mọ̀ ọ́n. Bó o bá ní kó kan àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, yóò kàn án, yóò sì dúró. Ó fi rúlà wọn àwòrán, ó kọ́ ilé, pákó kan ò yẹ̀. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́.

Wọ́n wá gbé kẹ̀kẹ́ dé láti ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. A tì í, kò wọlé. A yí i, a fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣáájú, kò wọlé. Orí ilẹ̀kùn ò ga ju èjìká kẹ̀kẹ́ lọ. Hollis wò ó, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú àwòrán."

Mo ní, "Ajá inú àwòrán ńkọ́, ṣé ká wá irú ẹ̀ náà?"

Ó ní, "Ẹ ò ní kí n kan ajá."

Ká gé òkè ilẹ̀kùn kó lè ga sí i ló kù. Ṣùgbọ́n bí a bá gé e, ilé ò ní jọ àwòrán mọ́, Màmá Lovina á sì mọ̀ pé àwọn ló ṣì í yà. Ta ló máa sọ fún wọn? Alága wò mí, mo wo Pásítọ̀, Pásítọ̀ wo òrùlé. Ni ẹnì kan bá ní kẹ̀kẹ́ tilẹ̀ dáa níta, kí àlejò lè máa rí i. Gbogbo wa bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wo àwa ará Vermont: a lè fi àyà la ìjì yìnyín kọjá, a ò lè sọ fún ìyá arúgbó kan pé ilẹ̀kùn tí wọ́n yà kéré.

Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nílùú yìí, ẹnu tó dákẹ́ ló kó ọ̀ràn bá ẹ̀yìn tèmi. Láti ìgbà náà, bí òtútù bá ti dé, èmi ni mò ń fa tapólìn bo kẹ̀kẹ́, èmi ni mò ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lórí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á ṣí i, màá tún un so. Ìyàwó mi ní ká ní mo ti bo òun bẹ́ẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan péré, òun ì bá ti dárí ohun gbogbo jì mí. Apá mi ò ká a mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti ìka bọ igi abẹ́ rẹ̀, ó wọlé bí ẹni ti ìka bọ kéèkì. Bó bá tún lo ìgbà òtútù kan sí i níta, kò sí kẹ̀kẹ́ mọ́. Ilé èrò wa tí kò bá sì ní kẹ̀kẹ́, ilé lásán ni.

Torí náà, Màmá Lovina, ẹ má bínú, àgbà ló ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn tí ẹ yà yẹn kéré. Ó kéré gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Hollis gé e.

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ wọn. Kí lẹ wí, Mà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ gbọ́: wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ ti dé. Iwájú fèrèsé wọn ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní bébà ló tán lókè, ló jẹ́ kí ilẹ̀kùn kéré. Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ, Mà? Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí Hollis rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dáa.

Hollis, gbé orí sókè. Kí lo wí? Ó ní ayùn òun wà nínú mọ́tò. Ó ní kò ṣáà sẹ́ni tó ní kóun gé e.

Háà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí òtútù má rí yín gbé ṣe. Kí òrùlé yín má wó lé yín lórí. Kí Ọlọ́run fún Màmá Lovina ní bébà tó gùn. Ẹni tó bá máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, kí ó má fi ẹ̀yìn rẹ̀ san ohun tí a fi ẹnu wa pa mọ́. Hollis ń ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n wá bá òun di pákó mú láàárọ̀ ọ̀la. Hollis, láàárọ̀ ọ̀la, oorun ni mo fẹ́ sùn.

Ẹ ṣé o.