Ẹ Bi Sàkáríyà Ibi Tó Ti Rí Ogóje

Bọ̀dá Titus, ẹ má sọ fún mi pé kí n fọkàn balẹ̀! Ọkàn wo? Stàbìláísà tí èmi Kúnbi fi oṣù mẹ́rin yà lórí kọ̀ǹpútà, òun ni Sàkáríyà ń gbé kiri pé iṣẹ́ ọpọlọ òun ni, òun ló sì fẹ́ gbé lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ gba ẹnì kan ṣoṣo síṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, iṣẹ́ témi náà ń wá!

Nígbà tí mò ń wá ètò kọ̀ǹpútà tí mo máa fi dán sákíìtì wò kí n tó jó wáyà kankan, ṣebí ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ wa lẹ ní kí n lọ bá a, pé ọmọ ìlú ẹni ni. Mo ti rí ọ̀kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà ẹni láìwá íńtánẹ́ẹ̀tì. Sàkáríyà ní rárá o, kọ̀ǹpútà mi ti gbó, kò ní lè gbé e. Ó ní ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló dáa, kí n kàn máa fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tòun wọlé, ṣebí ọmọ ìyá ni wá. Kai! Èmi náà ń dúpẹ́, mò ń ṣàdúrà fún un!

Àṣé gbogbo ohun tí mo bá yà, ọ̀dọ̀ tiẹ̀ ló ń kó sí. Lánàá mo fẹ́ wọlé, ó ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà. Mo pè é títí, kò gbé e. Mo wá gbé ètò ọ̀fẹ́ yẹn sórí kọ̀ǹpútà mi láàárọ̀ yìí, ẹ gbọ́ o, wẹ́rẹ́ ló ń ṣiṣẹ́! Kọ̀ǹpútà tó ní ó ti gbó! Ó ti mọ ohun tó ń wá láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ẹ ní kí ni? Pé bóyá òun náà ló ronú ẹ̀? Háà! Àbí ẹ̀yin náà mọ̀ sí i ni? Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ló dùn mí.

Ẹ má bá a jà. Ìbéèrè kan péré ni kí ẹ bi í níbi ìpàdé lọ́la, lójú gbogbo wa. Kí ló dé tí stàbìláísà yẹn fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti orí fólítì ogóje? Kado ló ń gbé, iná wọn kì í wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àdúgbò wa ní Dutse Alhaji ni iná ti ń jẹ́ ogóje, tí fíríìjì mi ń kérora látàárọ̀ dalẹ́. Torí fíríìjì yẹn ni mo ṣe yà á!

Ẹ ṣáà bi í: fíríìjì ta ló ń kérora ní Kado?