Másítà Onítọ̀hún

Ní kafé kan n'Íbàfò, ọkùnrin kan há kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ mọ́ àwa mẹ́rin tó ń dúró lọ́wọ́, ó ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jókòó tì í bóyá kí òun gba ààyè másítà tí yunifásítì kan fún òun.

"Kí ni wọ́n máa kọ́ ẹ?"

"Àǹtí, bí kọ̀ǹpútà ṣe máa gbọ́ èdè èèyàn ni. Yorùbá ni màá fi ṣe tèmi. Ohùn ìyá wa ni màá kọ́kọ́ gbà sílẹ̀."

"Yorùbá? Ìwọ tó ń na ọmọ ẹ bó bá sọ ọ́ nílé?"

"Ìyẹn yàtọ̀. Kò gbọ́dọ̀ ba Òyìnbó ẹnu ẹ̀ jẹ́."

"Nígbà tọ́mọ náà lọ kí ìyá wa n'Ífọ̀, ṣe làwọn méjèèjì ń wo ara wọn bí ẹni ń wo fọ́tò."

"Àǹtí, ṣé kí n lọ àbí kí n má lọ?"

"Lọ o, ọ̀mọ̀wé. Kọ̀ǹpútà á gbọ́ ohun tí ìyá wa ń sọ, ọmọ ọmọ wọn ò ní gbọ́."

Bí ẹni ń wo fọ́tò! Díẹ̀ ló kù kí n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà fa ojú ro, ó sì fi Òyìnbó dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóhùn.