Orin Tí Kò Sí Nínú Àwo Wa Àkọ́kọ́

Òtítọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí ti há mi lọ́fun pẹ́. Bí n kò bá pọ̀ ọ́ jáde báyìí, èmi àti òun ni wọn yóò jọ sin. Lẹ́yìn Kérésìmesì, dókítà kan ní Galway gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù, ó ní kí n má wulẹ̀ ra ẹ̀wù òtútù tuntun. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ikú kò bà mí, mo ti gbó, ayé sì ti dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n èmi Attracta Hehir, ìyá arúgbó tó ń ta kọnsatínà, àpótí orin kékeré tí à ń fọwọ́ méjèèjì fà, ní ìlú Kilfenora, tí àwọn ọmọbìnrin ń ti ọ̀nà jíjìn wá kí nítorí pé mo wà nínú ẹgbẹ́ olórin Na Fuiseoga, olè ni mí, òpùrọ́ sì ni mí. Ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Obìnrin mẹ́rin ni wá. Nígbà náà, àwọn ọkùnrin ló ń jókòó ti iná nílé ọtí tí wọ́n ń ṣeré. Tíì làwa obìnrin ń gbé fún wọn. Nígbà tí a wá fi orúkọ ẹyẹ kékeré tó máa ń kọrin lókè pápá pe ara wa, wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí: "Ẹ̀yin ẹyẹ, ta ló wá ń sàba lé ẹyin nílé?" Dympna Talty tó ń ta fayolíìnì ni ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Bẹ́ǹṣì kan náà la jókòó sí ní ilé ìwé, búrẹ́dì tí mo bá gé, òun ni mo ń fún ní ìdajì. Lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ kan ní Dublin gbà láti bá wa ṣe àwo orin wa àkọ́kọ́, èmi àti òun la fọwọ́ kọ́ ọwọ́, tí a jó yí ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ká títí ajá fi sá jáde.

Ilé kan tí wọ́n ti ń ṣe bọ́tà láyé àtijọ́ la ti gba orin náà sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Considine ló nilé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Fintan Queally, ló ń mójú tó ẹ̀rọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Fintan. Òun ló fi bọ́tìnì tó ń gba ohùn àti èyí tó ń dá téèpù padà hàn mí, nítorí pé mo ń béèrè. Ẹ wo ohun tí mo fi san án fún un. Ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ni Colie, ẹ̀gbọ́n Dympna, bá omi lọ níbi tó ti ń dẹ akàn ní etíkun Liscannor. A rò pé Dympna ò ní wá mọ́. Àfi bó ṣe wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú, ẹrẹ̀ itẹ́ òkú ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Àwọn méjì yòókù ò tíì dé. Ó ní, "Fintan, tan ẹ̀rọ ẹ." Ó dijú, ó gbé fayolíìnì léjìká. Orin tó ta lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ, òun náà ò rò ó tẹ́lẹ̀. Èmi àti Fintan wà lẹ́yìn gíláàsì. Fintan ń fi apá ẹ̀wù nu ojú. Considine wọlé, ó ṣí fìlà, kò lè jókòó. Nígbà tí Dympna parí, Considine ní, "Èyí lẹran. Gbogbo ìyókù, ọ̀dùnkún ni."

Ìyókù! Orin tí mo ti fi gbogbo ìgbà òtútù kọ́, tí wọ́n ti ní yóò ṣíwájú àwo náà, ló wà nínú ìyókù. Ìlara kì í kanlẹ̀kùn, ẹ̀yin ọmọ mi, ó ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀. Considine àti Fintan mú Dympna lọ mu tíì. Mo ní mo fẹ́ so okùn bàtà mi. Bàtà mi ò lókùn. Mo dá téèpù náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnì pupa tó ń gba ohùn, mo jókòó, mo ń wò ó bó ṣe ń yí, tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń bo orin náà bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe ń bo òkú. Mo lè dá a dúró kó tó dé ìdajì. N kò dá a dúró.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé téèpù ti ṣófo, Considine figbe ta. Fintan búra, búra, ó wá yíjú sí mi. "Attracta, ẹ̀yin lẹ jáde kẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé n kò fọwọ́ kàn án." Mo wò ó lójú. Mo ní, "Mo rí ẹ, Fintan. O na ọwọ́ sí i bó o ṣe ń jáde. Bóyá o ò mọ̀ ni." Ẹ gbọ́ "bóyá o ò mọ̀" yẹn! Mo fi oyin bo májèlé. Ọjọ́ náà ni wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, ó sì wọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool. Dympna gbìyànjú láti tún orin náà ta, ọ̀pá fayolíìnì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó ti lọ. Colie ló mú un dání." Orin tèmi ló ṣíwájú àwo náà. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá yìn mí, ṣe ló ń dà bí ẹni pé ó tẹ̀ mí lójú egbò, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe kúrò lọ́dọ̀ dókítà, Kinvara ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, níbi tí Fintan ti ń kan ọkọ̀ ojú omi láti ìgbà tó ti padà dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó rọra gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi fúnra mi ti gbà pé èmi ni? Mo máa ń wo ọwọ́ mi yìí, màá ní, ìgbà wo lo ṣe é?" Ẹkún gbọ̀n mí. Nígbà tí mo rí ọkọ̀ tó rẹwà lẹ́yìn rẹ̀, tí mo rí ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi èso ápù ṣe bọ̀, mo fẹ́ fi tu ara mi nínú. Mo ní, "Ó kúkú padà dáa fún ẹ, Fintan." Ó ní, "Ó dáa fún mi. Ọlọ́run ló ṣe é. Ẹ má gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tiyín." Ó wá gé àkàrà fún mi, èyí tó tóbi níbẹ̀.

Mo bá Dympna nílé ìdáná, ó ń bó ọ̀dùnkún. Mo sọ, ó ń bó o lọ, títí ọ̀dùnkún náà fi kù bí ẹyin àdàbà. Ó ní, "Jáde nílé mi." Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó pè mí. "Attracta. Ṣé o gbọ́ ọ tán lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ tán."

"Èmi ò gbọ́ ọ. Èmi tí mò ń ta á, n ò gbọ́ nǹkan kan. Báwo ló ṣe lọ?"

Ohùn mi kò dára, bíi ti ẹyẹ kannakánná ló rí. Mo kọ ọ́ fún un. Ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kí n sọ ẹyọ kan nù nínú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì, omijé ń dà sínú àwo ọ̀dùnkún. Nígbà tí mo parí, ó ní, "O sáré jù láàárín. Láti kékeré lo ti máa ń sáré, oníwàǹwára. Tún un kọ." Mo tún un kọ títí ìkòkò fi jóná lórí iná.

Mo bi í bóyá ó ti dárí jì mí. Ó ní, "Rárá o. Ṣùgbọ́n wá lọ́la, gbé kọnsatínà ẹ dání." Mo ti ń lọ láti ìgbà náà, orin náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí ju bó ṣe wà lẹ́nu mi lọ. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń kọ́ orin, bí ti ẹlòmíràn bá dùn ju tiyín lọ, ẹ jẹ́ kó dùn. Etí yín náà yóò jẹ nínú rẹ̀. Ẹ sì bá mi bẹ Dympna àti Fintan. N kò ní kí wọ́n kánjú. Mo ń jẹun, mo ń sùn, ọkàn mi balẹ̀, bó tilẹ̀ ń lù ségesège. Àárọ̀ òní náà, mo tún bi Dympna, ó tún ní kò tíì yá. Ó ní kí n wá lọ́la. Ìyẹn tó mi.