Éènì tí mo kó sórí búlọ́ọ̀gù ìyàwó wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rò ó tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti tó ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń yún mi nínú bíi wèrèpè. Mi ò lè jókòó sójú kan mọ́. Lọ́jà Sakété tó kọjá, mo wọn epo fún oníbàárà kan tán, mo tún bi í pé kí ló fẹ́ rà. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Epo pupa ni mo ń tà. Mi ò kàwé tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi ló kàwé. Òun ló dá búlọ́ọ̀gù ilé wa sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ń kọ bí àwọn ìyá àgbà Issaba ṣe ń ṣe epo àti àdín. Ó gba ohùn wọn síbẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Kútọnu ń gbọ́ ọ, omi ń bọ́ lójú wọn. Ó fi epo tèmi náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fún mi ní kọ́òdù tèmi kí n lè máa dá oníbàárà lóhùn.

Búlọ́ọ̀gù ní àwọn nǹkan tí wọ́n ń pè ní pulọ́gíìnì. Wọ́n á so wọ́n mọ́ ọn, kálukú á máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Méje ni Ìyàwó so. Ọ̀kan ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀kan ń dín àwòrán kù kó má baà wúwo. Ọ̀kan ń ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ pamọ́, nítorí ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ méje péré.

Ó ní, "Tàǹtí, èyí tí mi ò bá lè sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, mi ò ní so ó."

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ìwé ló ń dà á láàmú. Ọ̀fẹ́ kúkú ni wọ́n. Lójú tèmi, éènì ni. Ta ló ń kọ éènì lọ́jà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹni náà hàn mí.

Ìyàwó lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ ní Yoko, ni mo bá fi kọ́òdù mi wọ inú búlọ́ọ̀gù. Mo so èyí tó ń da òdòdó sílẹ̀ bí òjò. Mo so aago. Mo so èyí tó ń ka àlejò, mo tún so òmíràn tó ń ka àlejò, torí iye tí ti àkọ́kọ́ kà kò wù mí. Nígbà tó di mẹ́tàlélógún, búlọ́ọ̀gù ń rìn bí aboyún tó ń gun òkè. Mo ní kí n yọ ọ̀kan. Èyí tó ń ṣe ẹ̀dà ni mo yọ, torí mi ò rí i kó ṣe nǹkan kan rí. Mo pa gbogbo ẹ̀dà tó ti kó jọ rẹ́ pẹ̀lú, pé wọ́n ń gba àyè. Mo lé ọdẹ torí pé mi ò rí olè rí.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹrù tí mo dì lé e wó o, ojú ewé funfun báláú. Kò sí òdòdó, kò sí ohùn kankan. Pọ́tábù, fóònù tí Ìyàwó fi gba àwọn ohùn náà, ti jábọ́ sódò tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, tí ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, sì ti kú.

Wọ́n pe ìpàdé ilé ní Pobè. Ìyàwó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó mọ̀, orúkọ mi wà lára gbogbo ohun tí mo so. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni mí. Ìyàwó ilé wa kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé, áńbọ̀sì kó nàka sí i lójú agbo. Ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ló wà."

Gbogbo wọn kọjú sí mi pé kí n fi ọ̀rọ̀ àgbà sí i. Ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Ọ̀kánjúwà ló fà á, Ìyàwó." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ yẹn, kò kọ nǹkan kan mọ́. Ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi. Ì bá bú mi, ẹ jọ̀ọ́, ì bá sàn.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé àwọn obìnrin elépo Pobè ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú búlọ́ọ̀gù wọn, iṣẹ́ gidi. Ìyàwó ni wọ́n fẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́ pé ó ba ti ilé jẹ́, wọ́n wá bi mí ní ìsọ̀ bóyá ó ṣeé fọkàn tán. Mo ní orí ń fọ́ mi, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ ọjà. Ọ̀la lọjà.

Bí mo bá ní ó mọṣẹ́, wọ́n á ní ta ló wá bà á jẹ́. Bí mo bá ní èmi ni, ìròyìn á ti dé ilé kí n tó palẹ̀ ìsọ̀ mọ́. Kò sí ìyàwó ilé kan tí ẹnu mi ò tíì ta rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé àwọn obìnrin yẹn nìkan ni kí n sọ fún, àbí kí n pe ìpàdé, kí n kúnlẹ̀ fún ìyàwó àbúrò mi? Wọ́n ní àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti dán an wò ní yàrá mi láàárọ̀ yìí, bóyá orúnkún mi á gbà. Orúnkún gbà. Ẹnu ni kò tíì gbà.