Oògùn Ọkàn Tí Mo Tìtorí Ààwẹ̀ Pa Tì

Alihamudulilahi! Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ tún bá mi wí i: Alihamudulilahi! Ẹni tí wọn ìbá ti wẹ̀, tí wọn ìbá ti sin, ló dúró níwájú yín yìí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni mò ń ta ọṣẹ ní ọjà Agbogbloshie, èmi náà lẹ fi jẹ Ìyá Àdínì ẹgbẹ́ àsàlátù wa ní Darkuman níbí. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé ó ti pẹ́ tí dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé àgbà ti dé, ọkàn mi ò lágbára bíi tàtijọ́ mọ́. Ó fún mi lóògùn àràárọ̀. Ó ní kí n jìnnà sí kóbì, ẹja oníyọ̀ tí mo fẹ́ràn bí ojú. Mo gbọ́ràn, ara mi sì le.

Ni ààwẹ̀ bá dé. Ẹ wo ìtìjú! Èmi tí mò ń sọ fún yín lọ́dọọdún pé aláìsàn lè jẹun, mi ò lè sọ ọ́ fún ara mi. Mo ní, "Ìyá Àdínì tí ò gbààwẹ̀, kí ni wọ́n á máa wí?" Ẹnu ayé mà lẹbọ o! Mo ti oògùn bọ abẹ́ aṣọ nínú àpótí. Bí Sẹ̀kínà ọmọ mi bá bi mí, màá ní mo ti lò ó ní sààrì. Irọ́! Nínú ààwẹ̀! Ọlọ́hun, foríjì mí.

Ọ̀sẹ̀ kan ò tí ì pé tí ẹsẹ̀ mi fi wú. Mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Mo ní ebi ni. Nígbà tó di Jímọ̀, mo ń to ọṣẹ lọ́wọ́, èémí mi há, mo ṣubú lulẹ̀. Obìnrin Gà, ọmọ onílẹ̀ ibí, tó ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi figbe ta, ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá pè mí: "Ẹ gbà mí o, Alátà mi ń kú lọ!" Òun ló gbé mi sínú táàsì.

Dókítà yẹ àyà mi wò. Ó ní, "Mààmé, omi ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró yín. Ta ló ní kẹ́ ẹ pa oògùn tì?" Sẹ̀kínà sáré lọ mú ìró mi wá nílé, ibẹ̀ ló ti rí oògùn náà lódindi. Ó padà dé tẹkúntẹkún: "Mààmí, ṣé torí oyè Ìyá Àdínì lẹ ṣe fẹ́ sọ mí di aláìníyàá?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ.

Áfáà wa náà wá kí mi. Wọ́n ní, "Ìyá, Ọlọ́hun tó pàṣẹ ààwẹ̀ náà ló yọ̀ǹda aláìsàn. Ta lẹ wá ń gbà á fún?"

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Alihamudulilahi! Omi fà, ẹsẹ̀ fọn, mò ń rìn! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin Gà yẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi. Tálákà ni mò ń bọ́ báyìí dípò ààwẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tí àyà ń dùn, Ọlọ́hun tó yọ mí á yọ ẹ̀yin náà. Mo mọ bó ṣe ń rí. Oòrùn ṣì wà lókè, ààwẹ̀ ṣì wà lẹ́nu yín. Ẹ wò mí dáadáa: oògùn mi rèé, omi rèé. Bísímílà.

Mo ti gbé e mì. Omi ṣì kù nínú ike yìí. Mi ò ní pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí oògùn tiẹ̀ bá wà nínú báàgì, kó máa bọ̀.