Ènì Tí Mo Gbà Sórí Kọ̀ǹpútà Ìbídùn

Ẹ bá mi yin Olúwa, ẹ̀yin ará. Ẹ yìn ín dáadáa, torí èmi kò lágbára àtifò lónìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kọ̀ǹpútà fi bá mi jà, èmi tí n kò mọ̀ ju gàrí tí mò ń tà ní ọjà Pobè lọ.

Ìbídùn ọmọ mi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé. Ilé-ìwé ti dá ọjọ́ Ẹtì kan fún un pé kó kó àwòrán rẹ̀ wá; bí kò bá rí i kó, yóò tún ọdún náà kà. A lọ sí Àjàṣẹ́, ọkùnrin kan to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tuntun pọ̀ fún wa lójú wa. Nígbà tó parí, mo ní, "Ènì mi dà?"

Ó ní, "Ìyá, kọ̀ǹpútà kì í ní ènì."

Mo ní, "Gàrí pàápàá ní ènì, ká má tíì sọ kọ̀ǹpútà. N kò kúrò níbí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ nǹkan díẹ̀, ó ní òun ti fi iyára kún ìrántí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mẹ́mórì, fún mi. Mo dúpẹ́ bí ẹni tó gbọ́n.

A délé. Ìbídùn á yàwòrán títí, ojú ẹ̀rọ á di búlúù, ó kú nìyẹn. Á tún jí, á tún kú. Iṣẹ́ tí ọmọ ṣe láti àárọ̀, a ò ní rí i mọ́. Ọmọ ń sunkún, èmi ń wá ẹni tó ṣe é. Mo sì tètè rí i: àbúrò ọkọ mi obìnrin. Òun ló wá wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ní, "Ó mà dára o." Ta ló ń yin nǹkan lásán? Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yìí, lójú gbogbo yín, mo ní kó tú ọmọ mi sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó wa, èmi tí n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án?"

Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé omi àdúrà dé, Ìbídùn fi ara bo ẹ̀rọ. "Mọ́mì, ẹ wọ́n ọn sí èmi, ẹ má wọ́n ọn sí i." Mo lọ bá woòlíì wa. Ó ní òun wò títí, òun kò rí ọ̀tá kankan, kí n gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Mo bínú sí i.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọjọ́ Ẹtì náà pé, èmi àti Ìbídùn gun alùpùpù sẹ́míjáàn, mo gbé ẹ̀rọ lé itan, ó di Sakété, lọ́dọ̀ Ràímì, ọmọ Mùsùlùmí kan tó mọ iṣẹ́ yìí. Ó ní kí ẹ̀rọ yẹ ìrántí ara rẹ̀ wò. Ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, ó ń kà á padà. Ibi tó bá ti ṣì í kà, ìlà pupa á yọ. Ìlà pupa bo ojú ẹ̀rọ bí ìjàlọ. Ràímì pa á, ó tún un tàn, ó tẹ bọ́tìnì kan kó tó jí tán, ó wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀.

"Ta ló ní kí ìrántí yìí máa sáré tó báyìí? Ó ju ohun tí àwọn ẹ̀yà yòókù lè gbé lọ."

Ìbídùn yíjú sí mi. Mo ń wo òrùlé.

Mo ní, "Ènì ni."

Ràímì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ìyá, ènì yín ló ń pa á."

Ó dá iyára náà padà sí bó ṣe wà kí n tó fi agídí gbà á. A jókòó ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ bó ṣe ń yẹ ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì. Àṣìṣe: òdo. Láyé mi, n kò tíì kúnlẹ̀ nítorí òdo rí.

Ìbídùn kó àwòrán rẹ̀ lọ ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbà á. Olúwa ṣeun. Ó ṣeun, ó tún ṣeun. Ràímì náà ṣeun.

Mo lọ bẹ àbúrò ọkọ mi nílé. Ó ní inú ilé kọ́ ni mo ti bú òun.

Ẹ̀yin tí nǹkan ń dà láàmú, ẹ má sọ̀rètí nù, ẹ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú ará ilé, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ fi agídí gbà. Àǹtí, mo ti sọ ọ́ níwájú gbogbo ìjọ. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, ẹ dárí jì mí, kí n lè lọ sùn.