Kánọ́pì Tí Kò Fẹ́ Gbẹ

Rárá o, Ọ̀gbẹ́ni Nankervis, ẹ má fi aago yẹn hàn mí! Mo mọ aago tó lù. Mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni. Kò tíì di méjìlá tí ẹ̀yin alábòójútó ọgbà karafáànù yìí fẹ́ tì í títí ọdún Àjíǹde, ẹ sì ti dúró tì mí lórí pẹ̀lú àgádágodo lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ ti màlúù mọ́lé. Ẹ wọlé. Ẹ wá sábẹ́ kánọ́pì kí òjò má pa yín. Hà, mo gbàgbé, abẹ́ kánọ́pì gan-an lòjò wà! Ẹ wò ó bó ṣe ń kán tó, tó, tó, sínú ife tíì mi. Kánọ́pì rè é o! Èyí tí èmi Denzil Bosanko ti ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ karafáànù mi, ilé onítáyà yìí, láti ọdún mẹ́tàdínlógún, tí èmi àti Lowena ìyàwó mi máa ń jókòó sábẹ́ ẹ̀ wo òkun, ó ti di asẹ́. Asẹ́! Ẹ lè fi jọ ìyẹ̀fun.

Ta ló fà á? Ẹ má wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn yín, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Ta ló ní kí n ká a ní tútù lọ́dún tó kọjá? Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù Ọ̀kitóbà náà ni, bíi tòní, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ti ya, mo bẹ̀ yín, mo ní ẹ fún mi di ọ̀la kó gbẹ. Kí lẹ wí? Ẹ ní, "Denzil, òfin ni òfin. Ẹni tí ẹrù ẹ̀ bá ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí aago méjìlá bá lù, ààyè ẹ̀ ti di tẹlòmíì." Ààyè tèmi! Ìdí igbó ẹlẹ́gùn-ún níbí, tí afẹ́fẹ́ òkun ò ti lè gbé àga lọ mọ́ni nídìí, tí ogójì èèyàn ti kọ orúkọ sílẹ̀ dè pé bóyá Denzil á kú! Kí ni kí n ṣe? Mo ká a. Mo ká a bí ẹni di ẹja tútù sínú àpò, mo sọ ọ́ sínú ahéré ẹ̀yìnkùlé ilé wa, ó sùn síbẹ̀ títí ọdún Àjíǹde.

Ọ̀gbẹ́ni Nankervis, òórùn tó jáde níjọ́ tí mo tú àpò yẹn! Ajá wa sá lọ ilé aládùúgbò, ó sì jẹun alẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ara kánọ́pì ti bu. Àmì dúdú wínníwínní bí ẹni fọ́n ata gúngún sí i, ojú rírán ti ní ewé bíi etí odò, ibi tí àwọn ọ̀pá ẹ̀ sùn sí ti dípẹtà, pupa rúsúrúsú. Kánọ́pì aláwọ̀ búlúù tá a rà nígbà tá a ṣègbéyàwó! Lowena sún mọ́ ọn. Ó kàn fọwọ́ kan ibẹ̀, ó gbóòórùn ìka ẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́.

Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi ò da nǹkan kan síwájú o! Òjò ló dà á, ẹ̀yin lẹ ní kí n tẹ̀ ẹ́.

Ìmọ̀ràn wá pọ̀ ju èérí lọ. Jory tó wà ní karafáànù kejì ní kí n fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n kọ́kọ́, kí n wá fi fínígà pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ìyá arúgbó tó ń ta páì lẹ́nu ọ̀nà ní ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀, kí n sá a sóòrùn. Oòrùn wo? Ní Cornwall olójò yìí? Ẹni tó ń ta nǹkan karafáànù nílùú Redruth gbé ìgò kan jáde, ó ní oògùn kánọ́pì tó bu ni. Mo bá a nájà títí òógùn fi bò ó, nígbà tó sì gbà tán, mo ní mi ò rà mọ́, pé ọṣẹ lásán ni wọ́n rọ sínú ìgò olówó. Èmi nìyẹn o! Èmi tí mo fi tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gba àga mẹ́fà lọ́wọ́ pásítọ̀!

Ni mo bá po bìlíìṣì mọ́ ọṣẹ ìfọṣọ, mo mú búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀, mo fi gbo ó. Dúdú lọ. Inú mi dùn. Àwọ̀ búlúù náà tẹ̀ lé e, ó ku funfun báláú láàárín bí ojú afọ́jú. Mi ò mọ̀ pé nǹkan tí wọ́n fi pa aṣọ yẹn tí omi ò fi ń wọ̀ ọ́, ó ti bá wọn lọ. Àfìgbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, tó rọ̀ sórí Lowena, tó rọ̀ sínú àwo ẹ̀, tó rọ̀ sórí irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ṣe!

Ó dáa, ó dáa, ọwọ́ mi ni mo fi gún un. Ṣùgbọ́n ta ló fún mi lọ́bẹ?

Ẹ dúró, mi ò tíì parí! Mo gba kámú, mo ra oògùn tí wọ́n ń kùn sáṣọ tí kì í jẹ́ kómi wọlé, agolo ńlá, mi ò tiẹ̀ ná an. Lowena ló ka ara agolo fún mi: aṣọ gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú kẹ́ ẹ tó kùn ún. Gbẹ! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń wá ọjọ́ kan ṣoṣo tójò ò ní rọ̀. Bí àárọ̀ bá mọ́, ọ̀sán á ṣú. Bí mo bá kùn ún ní tútù, kò ní mú. Bí mo bá ká a ní tútù, yóò tún bu, tọ̀tẹ̀ yìí á sì jẹrà. Bí mo bá fi í sílẹ̀ níbí, ẹ ó gba ààyè mi. Ibo ni kí n gbà? Ẹ sọ fún mi! Eku inú pàkúté ṣì mọ ibi tóun ti wọlé.

Ẹ sì wo mọ́tò yẹn. Ẹ wo Lowena. Láti aago méje ló ti de bẹ́líìtì mọ́ra. Mo bi í pé kí ni ká ṣe, ó ní, "Denzil, mi ò sọ nǹkan kan." Ẹ̀yin náà níyàwó, ẹ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí.

Nítorí náà ẹ gbọ́. Ilé tẹ́ ẹ ń gbé katakata yín, ọkọ̀ ìroko yẹn, sí lẹ́yìn lọ́hùn-ún, òrùlé ẹ̀ dáa, afẹ́fẹ́ ń gba ìhà méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n lọ so ó kọ́ sí àjà ibẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún péré. Ẹ má mirí! Mẹ́ta. Ó dáa, méjì, màá sì bá yín fọ katakata náà. Kò sáàyè kẹ̀? Katakata kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, mo mọ ibẹ̀ bí àpò mi! Kí ló wà lájà?

Ẹ sọ ọ́ sókè.

Kánọ́pì? Kánọ́pì ta?

Tiyín?

Ó ti ń bẹ níbẹ̀ látìgbà wo? Látoṣù kẹrin? Kí ló ń ṣe níbẹ̀, ó ń gbààwẹ̀ ni? Ẹ má yíjú, Ọ̀gbẹ́ni Nankervis, ẹ wojú mi. Ó ti bu, àbí? Ó ti bu! Ẹ ká a ní tútù! Ọjọ́ tẹ́ ẹ dúró tì mí lórí, tẹ́ ẹ ń pe òfin sí mi létí, tiyín náà ń rin lábẹ́ òjò, ẹ̀yin náà ò sì lè bẹ ara yín pé kẹ́ ẹ fún ara yín di ọ̀la! Hàhàhà! Ye! Ìhà mi o! Ìyàwó yín mọ̀? Kò mọ̀! Ó rò pé ẹ gbé e lọ tún ṣe! Hàhàhàhà!

Lowena! Tú bẹ́líìtì yẹn, sọ̀ kalẹ̀ wá gbọ́ nǹkan!

Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ilé katakata wá jàre. Tèmi lápá ọ̀tún, tiyín lápá òsì, èmi ni màá fọ méjèèjì, fínígà ni, mo búra, mi ò ní jẹ́ kí bìlíìṣì dé tòsí ẹ̀. Ẹ ní kí n má sọ fún ìyàwó yín? Ìyẹn tún lówó tiẹ̀ lọ́tọ̀ o. Ọjọ́ márùn-ún nìyẹn padà, kì í ṣe méjì mọ́.